Ìtàn Kíkọ́ Àwọn Àjèjì ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì fún Íntáfíù Iṣẹ́

Íntáfíù iṣẹ́ jẹ́ irú ọ̀rọ̀ sísọ tí a kì í bá pàdé níbòmíràn. Ẹni tó ń wáṣẹ́ á jókòó síwájú àwọn tí kò mọ̀ rí, wọ́n á bi í ní ìbéèrè tí wọ́n ti ní irú èsì tí wọ́n ń retí lọ́kàn, kò sì ní sí ẹni tó máa sọ fún un bóyá ó dáhùn dáadáa títí á fi jáde. Ó le fún ẹni tó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dàgbà. Ti ẹni tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tó ti gòkè àgbà, tàbí tó kọ́ ọ ní ìlú mìíràn, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ohun méjì ló ń bá jà: èdè fúnra rẹ̀, àti àwọn òfin ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí tí àwọn olùkọ́ ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ́ àwọn àjèjì ní èdè nítorí iṣẹ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe gírámà nìkan ló ń dá akẹ́kọ̀ọ́ padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó sì tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àwọn agbanisíṣẹ́ tó gbà pé àwọn náà ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa kọ́.

Ẹnu géètì ilé-iṣẹ́

Láàárín ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ èrò rọ́ wọ Amẹ́ríkà láti Italy, láti Poland, láti Rọ́ṣíà àti láti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Yúróòpù. Gbígbà wọ́n síṣẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń wáṣẹ́ á kóra jọ sẹ́nu géètì láàárọ̀, fọ́máànù á jáde, á wo apá àti èjìká wọn, á sì na ìka sí àwọn tó wù ú. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí ará ìlú rẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ náà máa ń ríṣẹ́ ṣáájú ẹlòmíràn, torí onítọ̀hún á ti bá a sọ ọ́ létí fọ́máànù. Yorùbá ní ẹnu iṣẹ́ ẹni ni a ti ń mọ ẹni lọ́lẹ; bí nǹkan ṣe rí nígbà náà gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìdánwò, ọ̀rọ̀ ẹnu kò kó ipa kankan níbẹ̀.

Nítorí èyí, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì tí òṣìṣẹ́ á fi gbọ́ àṣẹ ni wọ́n kọ́ wọn. International Harvester, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ iṣẹ́ oko, ṣe ìwé ẹ̀kọ́ pélébé kan fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó wá láti Poland ní nǹkan bí ọdún 1912. Fèrè ilé-iṣẹ́ ni ẹ̀kọ́ kìíní dá lé. Fèrè fọn, òṣìṣẹ́ sáré. Ó mú nọ́ńbà rẹ̀ lára pátákó ẹnu géètì, ó lọ fi kọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó pààrọ̀ aṣọ, ó dúró de fèrè mìíràn kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Fèrè ni yóò sọ ìgbà tó máa jẹun, fèrè ni yóò sọ ìgbà tó máa lọ sílé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà dé òpin, òṣìṣẹ́ kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, kò sì sí ẹni tó bi í.

Ìlànà tó gbilẹ̀ jù lọ nígbà náà ni ti Peter Roberts, ọmọ ilẹ̀ Wales kan tó ń bá YMCA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin Kristẹni, ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Lọ́dọ̀ olùkọ́ ará Faransé kan tó ń jẹ́ François Gouin ni irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀. Gouin gbà pé ìtẹ̀léra ìṣẹ̀lẹ̀ ni ènìyàn fi ń gba èdè sórí. Olùkọ́ á mú ìṣe kan, bíi jíjí láàárọ̀ àti wíwẹ̀, á pín in sí gbólóhùn kéékèèké, á máa ṣe é, á sì máa sọ ọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa ṣe bíi tirẹ̀. Roberts to ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí ti inú ilé, ti òwò àti ti ilé-iṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ fún àwọn tí kò mọ̀wé rárá, torí kò béèrè pé kí wọ́n kọ́kọ́ mọ òfin gírámà. Àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni olùkọ́ ti là sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ.

Ilé-iṣẹ́ Ford ló sọ ẹ̀kọ́ yìí di ńlá. Ní oṣù kìíní ọdún 1914, Henry Ford kéde pé òun yóò máa san dọ́là 5 fún iṣẹ́ wákàtí 8 lójúmọ́, èyí tó tó ìlọ́po méjì ohun tí òṣìṣẹ́ ń gbà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti bí ohun tó ju ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Highland Park, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n dá Ford English School sílẹ̀ pẹ̀lú ìlànà Roberts. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe olùkọ́, wọn kò sì sanwó fún wọn. Kíláàsì ń wáyé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tàbí lẹ́yìn tó bá parí, ẹni tó bá sì kọ̀ láti wá ń fi iṣẹ́ rẹ̀ wéwu. Ní ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, wọ́n gbé ìkòkò ràgàjì kan sórí pèpéle. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ inú rẹ̀ lọ pẹ̀lú aṣọ ìbílẹ̀ wọn, àwọn olùkọ́ mú igi gígùn, wọ́n ń ro ó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì jáde ní òdì-kejì nínú kóòtù àti ṣòkòtò òyìnbó, àsíá Amẹ́ríkà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí eré náà ń wí hàn sí gbogbo ènìyàn: kí àjèjì bọ́ ohun tó mú wá láti ìlú rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lè jẹ́ ẹni tí a gbà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, èrò yìí ṣì wà nínú bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn àjèjì ní íntáfíù.

Láti géètì dé ìdí tábìlì

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá gba agbára gbígba ènìyàn síṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ fọ́máànù, wọ́n gbé e fún ẹ̀ka kan tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ìbéèrè wá di ohun tí wọ́n ń tò sílẹ̀. Ní 1921, òkìkí ìdánwò tí Thomas Edison ń ṣe fún àwọn tó jáde ní yunifásítì, tí wọ́n wá gbaṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kàn káàkiri nígbà tí ìbéèrè rẹ̀ jò sínú ìwé ìròyìn ní New York. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ìbéèrè. Èyí àkọ́kọ́ béèrè àwọn orílẹ̀-èdè tó bá Faransé pààlà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù kò sì kan iṣẹ́ tí awáṣẹ́ fẹ́ ṣe. Àwọn ènìyàn bínú sí i. Síbẹ̀, èrò pé agbanisíṣẹ́ lè fi ìbéèrè yẹ orí ẹni wò kó tó fún un níṣẹ́ kò kú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mìíràn ni àṣà yìí gbà wọlé. Ìròyìn tí Northcote àti Trevelyan gbé jáde ní 1854 dábàá pé kí wọ́n fòpin sí fífi ojúsàájú gbani síṣẹ́ ìjọba, kí ìdánwò máa pinnu rẹ̀. Ní 1855 ni wọ́n dá àjọ tó ń bójú tó o sílẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti 1942, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbìmọ̀ yan àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀gá ọmọ ogun. Ìgbìmọ̀ náà á fún wọn níṣẹ́ ṣe papọ̀, á sì bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fọ̀rọ̀ jomi tooro ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ogun, ilé-iṣẹ́ ìjọba gba ìlànà náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni èyí kọ́kọ́ kàn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ agbára ṣì ń gba ẹnu géètì wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Southall

Lẹ́yìn òfin ọmọ-ìlú ti 1948, àwọn ènìyàn láti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lè wá gbé, kí wọ́n sì ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Punjab tẹ̀dó sí Southall ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ilé-iṣẹ́ rọ́bà Woolf ti gba ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn mìíràn lọ sí àwọn ilé ìyọ́rin ní West Midlands, àwọn mìíràn lọ sí àwọn ilé ìhunṣọ ní Bradford. Ará ìlú ẹni ló ń múni wọ ibi iṣẹ́. Èdè ilé ni wọ́n ń sọ nídìí ẹ̀rọ, ẹnìkan láàárín wọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn àti ọ̀gá. Ènìyàn lè ṣiṣẹ́ lọ́nà báyìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kó má sọ ju gbólóhùn mélòó kan lọ fún òyìnbó.

Ohun mẹ́ta ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Àkọ́kọ́ ni pé ní 1972, Idi Amin lé àwọn ará Éṣíà kúrò ní Uganda, àwọn tó sì sá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé ní 27,000. Púpọ̀ nínú wọn ló ti kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti jẹ́ akọ̀wé tàbí oníṣòwò, wọ́n sì ń wá irú iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ tó ní íntáfíù nínú. Èkejì ni òfin. Òfin ìbáṣepọ̀ ẹ̀yà ti 1968 ka fífi ẹ̀yà dènà ènìyàn níbi iṣẹ́ sí ohun tó lòdì sí òfin, èyí tó sì tẹ̀ lé e ní 1976 fi kún un pé ìlànà tó bá ń pa ẹ̀yà kan lára láìnídìí tó yè kooro kò bófin mu, bí ẹni tó ṣe é kò bá tilẹ̀ ní i lọ́kàn. Ẹ̀kẹta ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé, àwọn tó ti ń gba ẹnu géètì wọlé sì ní láti lọ jókòó nídìí tábìlì.

Láti 1974, ìjọba ń náwó sí ètò kan tí wọ́n pè ní Industrial Language Training. Inú ilé-iṣẹ́ gan-an ni àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń lọ. Southall wà lára ibi tí iṣẹ́ náà ti jinlẹ̀ jù lọ, níbẹ̀ sì ni ibùdó gbogbogbòò rẹ̀ wà. Tom Jupp àti Susan Hodlin kọ ìwé tí wọ́n pè ní Industrial English ní 1975. Wọn kò fi gírámà ṣe ìpìlẹ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ ní láti fi ọ̀rọ̀ ṣe ni wọ́n tò: bí a ṣe ń béèrè ohun tí kò yé ni, bí a ṣe ń sọ pé ẹ̀rọ bàjẹ́, bí a ṣe ń ṣàlàyé ìdí tí a fi pẹ́ dé. Ní òkèèrè pẹ̀lú, àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń sọ ohun tó jọ ọ́. Dell Hymes ní Amẹ́ríkà ti ní mímọ èdè kò pé tí ènìyàn kò bá mọ ohun tó yẹ kó sọ, fún ta ni, àti nígbà wo.

Gumperz àti ìró ohùn

Ẹni tó la ojú àwọn olùkọ́ Southall sí ìdí ọ̀rọ̀ náà ni John Gumperz, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè tí wọ́n bí ní Jámánì ní 1922, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì California ní Berkeley, tó sì ti gbé abúlé ní Íńdíà láti ṣèwádìí. Ó bá Jupp àti Celia Roberts ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1982 wáyé ní ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú ńlá kan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àwọn obìnrin Íńdíà àti Pakistan síbẹ̀ láti máa bu oúnjẹ. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀gá àti àwọn tó ń kẹ́rù fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àwọn obìnrin náà kò lọ́yàyà, pé wọ́n ń fi ènìyàn wọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò tó nǹkan. Ẹni tó bá gba ẹran, wọ́n ní láti bi í bóyá ó fẹ́ ọbẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ni gbogbo wọn ń sọ: gravy. Àwọn obìnrin òyìnbó ń gbé ohùn sókè ní ìparí rẹ̀, ó ń dún bí ìbéèrè. Àwọn obìnrin Éṣíà ń jẹ́ kí ohùn wálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ní èdè tiwọn. Létí àwọn tó ń gba oúnjẹ, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ní: ọbẹ̀ rèé, tí o bá fẹ́ gbà á.

Wọ́n gba ohùn gbogbo wọn sílẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n jọ gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin náà kọ́kọ́ ní kò sí ìyàtọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nígbà tí olùkọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, ó wá yé wọn ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń wò wọ́n lójú burúkú láti ìgbà yìí wá. Ó yé àwọn ọ̀gá náà pé kò sí ẹni tó fẹ́ rí wọn fín. Ọmọ Yorùbá mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí dáadáa, torí pé "ṣé" àti "ǹjẹ́" ló ń gbé ìbéèrè lédè Yorùbá, ohùn kò ní láti gòkè kí ènìyàn tó mọ̀ pé ìbéèrè ni.

Ní 1979, BBC gbé fíìmù Crosstalk jáde, èyí tí Gumperz, Jupp àti Roberts jọ ṣe. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ íntáfíù ọkùnrin ará Íńdíà kan tó mọ̀wé dáadáa, tó ń wá iṣẹ́ ní ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní àbùkù. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi fẹ́ irú iṣẹ́ yìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí. Lọ́kàn tirẹ̀, ẹ̀rí pé òun kúnjú òṣùwọ̀n ló ń kó kalẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ní tiwọn ń dúró kó sọ ohun tó fà á mọ́ra nínú iṣẹ́ náà, wọ́n sì rò pé kò gbọ́ ìbéèrè ni. Wọ́n tún un bi, ó tún un dáhùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní ìparí, àwọn méjèèjì jáde pẹ̀lú ìbínú díẹ̀, kò sì sí ẹnìkan tó lè tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Láti ìgbà náà, ètò Southall kò kọ́ àwọn awáṣẹ́ nìkan mọ́. Wọ́n ń pe àwọn agbanisíṣẹ́ jókòó, wọ́n ń fi fíìmù àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ hàn wọ́n, wọ́n sì ń kọ́ wọn láti béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ní tààrà, kí wọ́n sì tún ìbéèrè gbé kalẹ̀ lọ́nà mìíràn dípò kí wọ́n yára dájọ́. Ètò náà parí ní 1989 nígbà tí owó ìjọba dá. Ní 1992, Roberts, Evelyn Davies àti Jupp kó ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ sínú ìwé Language and Discrimination.

Àwọn ogunléndé àti àwọn ọmọ onílẹ̀

Ní Amẹ́ríkà, ogun Vietnam ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lákọ̀tun. Lẹ́yìn tí Saigon ṣubú ní 1975, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ogunléndé wọlé láti Vietnam, Laos àti Cambodia. Ní 1980, òfin tuntun jáde lórí ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n sì ṣí àgọ́ ẹ̀kọ́ ní Bataan ní Philippines, ní Galang ní Indonesia àti ní Phanat Nikhom ní Thailand, kí wọ́n lè kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì àti ìwà ibi iṣẹ́ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Nínú kíláàsì, wọ́n ń fi íntáfíù ṣeré: ẹnìkan á ṣe ọ̀gá, ẹnìkan á ṣe awáṣẹ́, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n á kọ fọ́ọ̀mù.

Àwọn ọ̀mọ̀wé yẹ ẹ̀kọ́ yìí wò, ohun tí wọ́n rí kò dùn mọ́ wọn. Ní 1985, Elsa Auerbach àti Denise Burgess kọ̀wé nípa irú ìwé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti gba àṣẹ, láti tọrọ àforíjì àti láti dúpẹ́, kò kọ́ wọn láti béèrè iye owó oṣù tàbí láti sọ pé ibi iṣẹ́ léwu. Ní 1989, James Tollefson kọ nínú ìwé Alien Winds pé ẹ̀kọ́ àwọn àgọ́ náà ń múra àwọn ogunléndé sílẹ̀ fún iṣẹ́ tó kéré jù lọ, títí kan àwọn tó ti jẹ́ ọ̀mọ̀wé ní ìlú wọn. Fèrè ilé-iṣẹ́ ti 1912 ti dákẹ́, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ìgbọ́ràn rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé.

Láàárín àkókò yìí ni ọmọ Yorùbá kan fi ọwọ́ kún ìmọ̀ yìí. Nínú ìwé Language and Social Identity tí Gumperz ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1982, Niyi Akinnaso, ọmọ Yorùbá náà, àti Cheryl Ajirotutu kọ orí kan lórí íntáfíù. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ nínú íntáfíù àfidánrawò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn wọ̀nyí fi dàgbà, síbẹ̀ àwọn kan nínú wọn kò rí ọ̀nà lọ. Àwọn òǹkọ̀wé náà fi hàn pé ìbéèrè íntáfíù kì í sábà sọ ohun tó ń wá gan-an. Tí wọ́n bá ní kí ènìyàn sọ ìtàn iṣẹ́ tó ti ṣe rí, kì í ṣe ìtàn ni wọ́n ń wá, ẹ̀rí ìwà àti òye ni. Ẹni tó bá mọ èyí á to ìtàn rẹ̀ kí ẹ̀rí náà lè yọ; ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á sọ òótọ́ lọ́nà tí ilé rẹ̀ ń gbà sọ ìtàn, àwọn tó ń gbọ́ á sì ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lórí. Orí ìwé yìí ló jẹ́ kó hàn pé ìṣòro náà kì í ṣe ti àjèjì nìkan. Ẹnikẹ́ni tí ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ìgbìmọ̀ lè ṣubú níbẹ̀.

Fọ́ọ̀mù àwọn agbanisíṣẹ́

Ìgbà tí àwọn olùkọ́ ń mọ èyí ni íntáfíù fúnra rẹ̀ tún ń yí padà. Ní 1980, Gary Latham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n fi ń bi awáṣẹ́ pé kí ló máa ṣe bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀. Ní 1982, Tom Janz gbé òmíràn jáde tó ń béèrè ohun tí awáṣẹ́ ti ṣe rí nígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àwọn méjèèjì fẹ́ kí wọ́n bi gbogbo awáṣẹ́ ní ìbéèrè kan náà, kí wọ́n sì fún èsì ní máàkì, kí ojúsàájú lè dín kù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òfin tó ń dènà ìyàsọ́tọ̀ mú kí ìlànà náà tàn kálẹ̀ kíákíá, torí fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ máàkì sí jẹ́ ẹ̀rí bí ẹjọ́ bá délé ẹjọ́.

Èrò rere ló bí i, àmọ́ ó gbé ẹrù tuntun lé àwọn tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílùú òkèèrè lórí. Celia Roberts, tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà Southall, bá Sarah Campbell ṣe ìwádìí kan ní King's College London. Ìròyìn wọn, Talk on Trial, jáde ní 2006 lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n ya íntáfíù gidi sí fídíò, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ẹ̀yà kékeré tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe dáadáa bíi ti àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n bí sí òkèèrè ń pàdánù púpọ̀. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lè má gbà ju gbólóhùn mélòó kan lọ lóòjọ́, kí íntáfíù rẹ̀ sì fẹ́ ìtàn gígùn, àlàyé nípa ara ẹni àti èrò jinlẹ̀ nípa iṣẹ́. Wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wá gba iṣẹ́ agbára pé kí ni àǹfààní ṣíṣe ohun kan náà ní gbogbo ìgbà. Ìtàn tí awáṣẹ́ bá sì sọ gbọ́dọ̀ bọ́ sínú àpótí tó wà lórí fọ́ọ̀mù. Èyí tí kò bá bọ́ sí i, ńṣe ni wọ́n máa ń fi í sílẹ̀. Roberts ka èyí sí ìyà tí èdè ń fi jẹ ènìyàn lórí iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Lẹ́yìn ìwádìí náà, wọ́n fi àwọn fídíò ṣe ohun èlò ẹ̀kọ́ fún àwọn awáṣẹ́ àti àwọn olùkọ́ wọn.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ nísinsìnyí

Ètò Skills for Life tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní England ní 2001 mú ìlànà ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo wá fún àwọn àgbàlagbà tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2007 sì ni ìwé-ẹ̀rí ESOL for Work jáde, tó dojú kọ ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ní tààrà. Ní New Zealand, àwọn olùwádìí Yunifásítì Victoria ní Wellington ti ń gba ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ níbi iṣẹ́ sílẹ̀ láti 1996. Láti 2005, wọ́n ń fi í kọ́ àwọn àjèjì tó ti kàwé, wọ́n á sì wá fi wọ́n sí ibi iṣẹ́ gidi láti fi dánra wò.

Olùkọ́ tó bá mọ iṣẹ́ yìí lónìí kì í fún akẹ́kọ̀ọ́ ní èsì láti há sórí. Ó máa ń mú ìbéèrè kan, bíi: sọ ìgbà kan tí oníbàárà bínú fún wa. Èsì tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ ń fún un ni pé àwọn máa ń fi sùúrù bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Olùkọ́ á bi í pé ọjọ́ wo ni, níbo, kí ni oníbàárà náà sọ, kí ni ìwọ fúnra rẹ ṣe, báwo ló ṣe parí. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dáhùn ìwọ̀nyí tán, ìtàn tí ìgbìmọ̀ lè fi sí fọ́ọ̀mù ti jáde nìyẹn, ti akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀ sì ni. Wọ́n tún ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ní kí wọ́n tún ìbéèrè ṣe láìbẹ̀rù, torí ẹni tó bá dákẹ́ tàbí tó kàn méfò ń pàdánù ju ẹni tó béèrè lọ. Wọ́n ń gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n jọ ń gbọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe pẹ̀lú àwọn obìnrin pápákọ̀ òfurufú.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà jókòó sí kíláàsì báyìí, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kàwé. Síbẹ̀, ohun tí Akinnaso àti Ajirotutu kọ kàn wọ́n. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í wo àgbàlagbà lójú ṣáá. Nídìí tábìlì, wọ́n lè kà á sí pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Kì í yin ara rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń ki ènìyàn. Nídìí tábìlì, ẹni tí kò bá sọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe kò ní ẹni tó máa bá a sọ ọ́. "A" ló sábà máa ń wí nígbà tó bá ń sọ nípa iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ṣe, ìgbìmọ̀ á sì máa ronú pé kí wá ni òun alára ṣe níbẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì nínú gbogbo wọn. Ẹ̀kọ́ ilé ni, ẹni tó bá mọ ibi tí òfin méjèèjì ti yàtọ̀ lè yan èyí tó máa lò, kó sì padà sí tirẹ̀ nígbà tó bá jáde.

Láti 2020, tí àrùn kòrónà ti ti ènìyàn mọ́lé, ọ̀pọ̀ íntáfíù ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn kan kò ní ẹni tó ń béèrè nínú rárá: ìbéèrè á yọ lójú ẹ̀rọ, awáṣẹ́ á dáhùn sí kámẹ́rà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. HireVue, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta irú ètò bẹ́ẹ̀, tilẹ̀ fi ẹ̀rọ ń wo ojú awáṣẹ́ láti fún un ní máàkì, kó tó kéde ní oṣù kìíní 2021 pé òun ti fi ìyẹn sílẹ̀. Irú íntáfíù yìí tún ẹrù náà dì lọ́nà mìíràn, torí kámẹ́rà kò lè tún ìbéèrè sọ fún ẹni tí kò yé, kò sì lè mi orí kí olùdáhùn mọ̀ pé ó ń bá ọ̀nà lọ. Àwọn olùkọ́ ti fi kún ẹ̀kọ́ wọn: wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ sí ẹ̀rọ tí kò fèsì, láti pín àkókò, àti láti parí ọ̀rọ̀ kí ìṣẹ́jú tó tán. Ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ni ìyókù wà: kó gbé ìbéèrè kalẹ̀ kedere, kó fi ohun tí iṣẹ́ náà gbà nìkan dájọ́, kó má sì fi ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ ilé ẹlòmíràn ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn.